Àpótí káàdì Gẹ̀ẹ́sì tí èmi àti Signora jọ ń bá jà

Ní alẹ́ Sátidé kan, Signora, ìyá àgbà tí mo ń tọ́jú ní Bologna ní Ítálì, ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà, Leeds ni wọ́n bí i sí, èdè Ítálì rẹ̀ kò kọjá "ciao, nonna". Tortellini ń hó lórí iná. Signora wo ìkòkò, ó wo fóònù, ó fọwọ́ pa ikùn, ó wá fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "I am angry!" Ọmọ náà dákẹ́, ojú rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀. Ó wá bèèrè pé kí lòun ṣe. Kò ṣe nǹkan kan o. Ebi ló ń pa màmá àgbà.

Inú àpótí káàdì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Signora ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀bi àpótí ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Síbẹ̀ oṣù méje rèé tá a ti ń lò ó, a ò sì tíì jù ú nù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tá a wà ní Ítálì là ń bá àwọn tá à ń tọ́jú, tàbí ọkọ, tàbí aya, tàbí ọmọ tiwa pàápàá wá irú nǹkan báyìí: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ fún ẹni tó jẹ́ pé èdè Ítálì ló bá dàgbà. Torí náà mo ní kí n sọ ohun tójú mi rí.

Badante ni mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ti mọ iṣẹ́ náà: ilé àgbàlagbà ni mò ń gbé, èmi ló ń sè, èmi ló ń fọ̀, èmi ló ń ka oògùn. Ọdún 16 ni mo ti lò ní Ítálì, mẹ́rin nínú rẹ̀ nílé Signora yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi nà mí nílé ìwé, èdè Ítálì ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, Yorùbá ni mo fi ń lálàá. Signora jẹ́ ẹni ọdún 79. Faransé ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò kàn án títí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fi fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó sì kó lọ sí Leeds. Ó ní òun ò fẹ́ kú láì bá ọmọ-ọmọ òun jiyàn rí. Olùkọ́ kan ládùúgbò ní 25 yúrò ni wákàtí kan. Signora ní kí n wá nǹkan mìíràn.

Libreria kan lábẹ́ àwọn pọ́tíkò Bologna, àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bo ẹ̀gbẹ́ títì, ni mo ti rí àpótí náà, 14.90 yúrò. Libreria, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ni o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yá a kà. Màá padà sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àpótí aláwọ̀ ewé ni, ó tó bíríkì kan, káàdì 500 ló wà nínú rẹ̀. Ojú kan káàdì ní àwòrán àti ọ̀rọ̀ Ítálì. Ojú kejì ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń pè é tí wọ́n fi lẹ́tà àwọn ará Ítálì kọ, àti gbólóhùn kan. Pátákó kéékèèké wá pín inú àpótí sí yàrá márùn-ún.

Kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Yàrá márùn-ún yẹn ni ọba nínú gbogbo rẹ̀. Ètò Leitner ni wọ́n ń pè é, Sebastian Leitner ló sọ ọ́ di mímọ̀ láti 1972. Káàdì tuntun ń wọ yàrá kìíní. Bó o bá mọ̀ ọ́n, ó bọ́ sí èkejì. Bó o bá tún mọ̀ ọ́n, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Ọjọ́ tó o bá gbàgbé rẹ̀, ibi yòówù kó ti dé, yàrá kìíní ló ń padà sí. Yàrá kìíní là ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, èkejì ní ọjọ́ méjì méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí i, títí kan ìkarùn-ún tá a máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó dà bíi kí wọ́n gba ọmọ tó ti dé ìwé mẹ́fà kí wọ́n dá a padà sí jẹ́lé-ó-sinmi nítorí ìbéèrè kan. Ìkà ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn kì í fi àkókò yín ṣòfò, èyí tó le kì í fi yín sílẹ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń jókòó, tí Signora bá ti jí lójú oorun ọ̀sán tó sì ti mu tíì. Káàdì tuntun márùn-ún lọ́jọ́ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi mi, àpótí náà a sì sinmi. Signora máa ń rẹ́ mi jẹ o. Ó máa ń yí etí káàdì díẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ, á yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Vegetable" ṣubú, ìyẹn ni pé ó gbàgbé rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́yìn náà mi ò rí káàdì náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó gbé abọ́ èso kúrò láti nu tábìlì, mo bá "vegetable" lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi pẹ́ásì lórí. Ó ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀.

Wàyí o, ojú kejì káàdì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Àwọn ará Ítálì ń kọ h, wọn kì í pè é. "Ho" ni pé èmi ní nǹkan, "hanno" ni pé àwọn kan ní nǹkan: h yẹn kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ṣe àpótí yìí mọ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì yẹ kó wá ọgbọ́n kan dá. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ h kúrò pátápátá. Lábẹ́ "hungry", ó kọ "àngri". Lábẹ́ "angry", ó kọ "èngri". Lójú Signora, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Létí ọmọ Leeds, kò síyàtọ̀ kankan. Ìdí tọ́mọ fi rò pé òun ti ṣẹ ìyá ìyá òun nìyẹn, tó sì jẹ́ pé tortellini ni obìnrin náà ń dúró dè.

Ìkejì ni ti i. Ẹyọ i kan ni èdè Ítálì ní, Gẹ̀ẹ́sì ní èyí tí wọ́n ń fà àti èyí tí wọ́n ń gé. Àpótí kọ "scip" sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó tún kọ "scip" sábẹ́ àgùntàn. Ó kọ "scit" sábẹ́ aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ọkọ ọmọ Signora fẹ́ wá kí wa, Signora gbé fóònù, ó ní kóun fi dá a lójú pé òun ti fi tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ohun tó ní òun fi sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Ọkùnrin náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní ẹ ṣé, mà.

Mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí ohun tójú tèmi náà rí kò kéré. Nínú ọdún àkọ́kọ́ mi ní Ítálì, mo fẹ́ bi ìyá àgbà kan léèrè ọdún tó ti pé. "Anni" ni ọdún, n méjì ni, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi fi n kan ṣoṣo pè é. Ihò ìdí ni mo bi ìyá náà léèrè pé mélòó ló ní. Ó ní ọ̀kan péré ni, cara, ó sì ti gbó. Ohun tí mo wá ṣe fún Signora kò ju ìyẹn lọ: mo ní bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi kí n tẹ n mọ́lẹ̀ nínú "anni", bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fa i gùn nínú "sheet", ẹ fà á títí ẹ ó fi rò pé ó ti pọ̀ jù. Ìyẹn yé e lọ́jọ́ náà gan-an. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, àpótí ò kọ ọ́ síbì kankan.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ítálì kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí láìsí fáwẹ̀lì nídìí rẹ̀. Àwa náà ò fẹ́ ẹ. Àwa ti sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di búrẹ́dì, báàgì, fóònù. Signora ń sọ "bred-de", "beg-ghe". Nígbà mìíràn tí mo bá wà ní báńkónì tí mò ń sá aṣọ, tó ń dá kà á nínú ilé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa ń dún létí mi bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ohùn tí wọ́n ní a lè gbọ́ kò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n tẹ àmì QR sí ìdérí, pé ká fi fóònù yà á. Mo yà á. Ó ní kí n kọ ímeèlì, kí n dá ọ̀rọ̀ aṣínà, kí n kọ ọjọ́ ìbí. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ 500 láti orí ìkíní, ọkùnrin kan ṣoṣo, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ káàdì 307, ẹ ó máa fi ìka fa ìlà náà, ẹ ó máa pàdánù rẹ̀, ẹ ó tún máa fà á padà. Mo kọ̀wé sí wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé: wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì máa dín owó kù fún mi tí mo bá ra àpótí kejì. A ti gbé tiwọn tì. Ọmọ Signora ń ka ọ̀rọ̀ márùn-ún ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lálaalẹ́. Nígbà mìíràn ọmọ kékeré yẹn ló ń kà á, tó ń fi ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka eyín pè é. Èyí ló dára jù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí Ítálì àti Yorùbá ti dúró sápá kan, tí Gẹ̀ẹ́sì dá dúró sí tiẹ̀. Àpótí ò rí ìyẹn rárá, torí Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì nìkan ló ń wò. "Orologio", aago ni: ti ọwọ́ ni o, ti ara ògiri ni o, aago ni. Káàdì 88 kọ "orologio", ó ní "watch". Káàdì 291 kọ "orologio", ó ní "clock". Àwòrán méjèèjì rí róbótó, ó ní ọwọ́ méjì, kò sí okùn tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọrùn ọwọ́. Oṣù kan gbáko ni Signora fi ń nawọ́ sí ògiri ilé ìdáná tó ń pè é ní "watch". Bákan náà ni "pelle": awọ ara, awọ bàtà, awọ ni. Bákan náà ni "dito": ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, ìka ni. Ó fi ìka ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lóru ọjọ́ kan, ó sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé "finger" ń dun òun, ìyẹn ní kó na ọwọ́ sókè kóun wò ó. Signora na ọwọ́ méjèèjì. Ìka mẹ́wàá pé, wọ́n tò rẹrẹ, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́, Signora ń wo ọkùnrin náà.

Èyí tó tún ga jù ni "you". Ní Ítálì, "Lei" lẹ ó fi pe àgbà àti ẹni tẹ́ ò mọ̀, "tu" lẹ ó fi pe ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Ọdún mẹ́rin, "Lei" ni mò ń pe Signora, "Lei" lòun náà ń pè mí, a ò sì fẹ́ yí i padà. Ẹni tó bá ní "ẹ" àti "o" lẹ́nu kò nílò àlàyé. Ìgbà tí Signora dé orí káàdì "you", ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní ìkejì rẹ̀ dà. Mo ní kò sí. Ó ní ṣé "you" kan náà lòun máa fi pe ìyá ọkọ ọmọ òun, tóun tún máa fi pe ajá wọn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Signora. Inú rẹ̀ ò dùn sí i di òní. Gbólóhùn méjì lórí káàdì náà, pé ohùn àti "please" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe tiwọn, ì bá ti tó.

Ṣùgbọ́n "nipote" ni mo bínú sí jù. Ítálì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ-ọmọ ẹni àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn níyà, Yorùbá náà ò sì jẹ́ dà wọ́n pọ̀ láé. Àpótí kọ "nipote", ó ní "nephew", ó parí. Ẹ gbà mí! Ta ni wọ́n rò pé ó ń ra nǹkan yìí? Ọ̀dọ́ tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun ló ń ra àpótí tó ní àwòrán, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì nílò jù lọ nínú ayé wọn ni wọ́n fi sílẹ̀. Signora sọ fọ́mọ náà pé "you are my nephew", ọmọ náà ní rárá. Signora ní bẹ́ẹ̀ ni. Àríyànjiyàn tó ń wá látọjọ́ yìí, ó rí i lọ́jọ́ náà. Bírò dúdú ni mo fi kọ káàdì tuntun, mo lẹ fọ́tò ọmọ náà mọ́ ọn: "grandson". Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí títí tó fi dé yàrá ìkarùn-ún.

Ogójì káàdì ló ní etí pupa, wọ́n kọ "attenzione", ìyẹn ẹ ṣọ́ra, sí wọn lórí. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn ni, èyí tó jọra ní èdè méjèèjì tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jọra. Níbí, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, iṣẹ́ náà dára púpọ̀. "Parenti" kì í ṣe "parents", gbogbo ẹbí ni. "Fattoria" kì í ṣe "factory", oko ni. "Camera" kì í ṣe ohun tá a fi ń ya fọ́tò, yàrá ni. "Educato" kì í ṣe ẹni tó kàwé, ọmọlúàbí ni, ẹ sì mọ̀ pé méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀. "Attualmente" kì í ṣe "actually", lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí ni. Wọ́n fi "preservativo" náà síbẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù nìyẹn ní Ítálì; èyí tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ kó má bà jẹ́ ni "conservante". Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ fi èdè Ítálì béèrè jáàmù tí kò ní kẹ́míkà nínú, ẹ ti rí ohun tó máa bi ọlọ́jà. Signora fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí n má wulẹ̀ fi káàdì yẹn sí yàrá kìíní, kí n jù ú sí ìkarùn-ún tààrà.

Ohun tó kù tí wọn ò ṣe ni òdìkejì rẹ̀, òun ló sì ń mú èèyàn jù: Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Ítálì fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí ń lò ó lójoojúmọ́. "Box" ni ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. "Golf" ni swẹ́tà. "Ticket" ni owó tí aláìsàn ń san sí àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba. "Mister" ni kóòṣì bọ́ọ̀lù. "Smoking" ni kóòtù àríyá, "slip" ni pátá. Signora ò ka ìwọ̀nyí sí ohun tó yẹ kóun kọ́, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, òun ti mọ̀ wọ́n. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé òtútù pọ̀, kó lọ wọ "golf". Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé mọ́tò wà nínú "box". Kò sí káàdì kankan tó kìlọ̀ fún un. Mo ti fi ọwọ́ kọ 22 irú rẹ̀, mo fi bírò àwọ̀ búlúù kun etí wọn, wọ́n sì ti wúlò ju 100 nínú tiwọn lọ.

Wọn ò tún sọ Gẹ̀ẹ́sì ta ni wọ́n ń kọ́ wa. Ti Amẹ́ríkà ni, mo rí i láti ara "cookie" àti "elevator", ṣùgbọ́n àwòrán ìdérí ni ilé aago ńlá London. Káàdì ní ṣòkòtò ni "pants". Ní Leeds, pátá ni. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tó ń yin ọmọ ọdún mẹ́fà fún "pants" rẹ̀ tó rẹwà, tọ́mọ náà sì wólẹ̀ tó ń yí gbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rín. "Tea" náà ńkọ́? Káàdì yàwòrán ife. Ọmọ náà ní òun ti jẹ "tea" òun, Signora ní ṣé tíì ni wọ́n ń jẹ ni. Oúnjẹ alẹ́ làwọn ará apá ibẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí, mi ò fi gbogbo rẹ̀ bú àpótí. Ọmọ náà ló kọ́ wa.

Káàdì ìrìn àjò ni mo kà sí ewu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Káàdì 412 ya ẹnubodè ní pápákọ̀ òfurufú, gbólóhùn rẹ̀ ni "Here is my identity card". Láti oṣù Kẹwàá 2021, wọn kì í gba káàdì ìdánimọ̀ Ítálì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, àfi ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìwé ìrìnnà ni. Láti oṣù Kẹrin 2025, ará Ítálì tó fẹ́ lọ kí èèyàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní ETA kó tó wọkọ̀. Pọ́ùn 16 ni mo san fún ti Signora, orí fóònù ni mo ti ṣe é. Ẹni tó bá gbára lé káàdì 412 máa padà sílé láti pápákọ̀ Bologna. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ ohun tó máa sọ fún ọlọ́pàá ẹnubodè: ọjọ́ mélòó lẹ máa lò, ta lẹ fẹ́ kí. Ó mọ gbogbo rẹ̀ bí àdúrà. Ó débẹ̀, ọmọ rẹ̀ mú un lọ síwájú ẹ̀rọ, ó tẹ ìwé ìrìnnà lé e, ẹ̀rọ wo ojú rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ó ní òun ti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ wa má bàa ṣòfò.

Lẹ́tà ẹ̀yìn káàdì kéré jù, mo máa ń fi bírò tún un kọ. Páálí rẹ̀ nípọn, kò ya, tíì ti dà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Tó bá jẹ́ pé ẹ wà nílé tẹ́ ẹ lè jókòó ti ẹni tó ń kọ́ ọ, tẹ́ ẹ sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ẹ rà á, 14.90 kò pọ̀ fún àpótí, àwòrán, yàrá márùn-ún àti àwọn káàdì etí pupa. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ fi bírò dúdú pa ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà Ítálì kọ rẹ́ lórí gbogbo káàdì. Wákàtí méjì ló gbà mí. Ẹ ra páálí òfìfo 50 sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹni náà máa dá kọ́ ọ ni, ẹ má rà á fún un. Á mọ ọ̀rọ̀ 500, ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ kò ní mọ ohun tó ń sọ. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ ti Leitner.

Lónìí, káàdì 341 nínú 500 ti dé yàrá kẹrin àti ìkarùn-ún. "Hungry" wà nínú wọn. Oṣù méjì la fi mú h yẹn: mo ní kó mí sára dígí bí ẹni fẹ́ nù ún, kó tó pe ọ̀rọ̀ náà. Ó ti mú un débi pé kò mọ ibi tó ń fi í sí mọ́. Lánàá, ó ṣí fìríìjì, ó ní àwa ò ní "heggs" mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, torí bí bàbá mi ṣe ń pè é títí wọ́n fi kú nìyẹn. Signora ní kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan, Signora. Mo mú "egg" jáde nínú yàrá ìkarùn-ún, mo dá a padà sí ìkíní.